Òótọ́ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lórí Àkàbà Ní Sùúrùlérè

                                                  Ojúlé Kẹtàlá,
                                                  Òpópónà Alájàpá,
                                                  Pápá Àjàó, Múṣín,
                                                  Èkó.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1996.

Àǹtí mi Àmúdàtù, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi dàgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù, torí mo mọ̀ pé ọyẹ́ á ti máa dé ọ̀dọ̀ yín ní Kàdúná báyìí. Báwo ni Alàájì? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọjà aṣọ yín ń tà? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò le. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ fúnra mi, tí n kò fi rán ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹnu sí yín.

Àǹtí, tí ẹ bá wà níbi tí èrò wà, mo bẹ̀ yín, ẹ pa ìwé yìí dé ná. Ẹ wọ yàrá lọ, kí ẹ jókòó, kí ẹ tó kà á síwájú. Ọ̀rọ̀ Sùnmọ́nù àbúrò yín ni. Ohun tí mo sọ fún yín nípa bó ṣe kú kì í ṣe òótọ́.

Ẹ̀yin lẹ sọ èmi àti Sùnmọ́nù di ọmọ ìyá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú nínú yàrá tó kọjú sí tiyín, tí àwọn ará ilé ń wí pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ìlú bàbá mi tí n kò dé rí. Ẹ̀yin lẹ ní n kò lọ síbì kankan. Orí ẹní kan náà lèmi àti Sùnmọ́nù sùn títí a fi hu irùngbọ̀n. Tí òun bá ti lọ sí ilé kéú, ẹ ó fa ọwọ́ èmi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó dúró títí màá fi wọlé, ẹ ó sì padà. A jọ kọ́ iṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìdí-Òrò, a jọ ṣe fíríìdọ̀mù lọ́jọ́ kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà ló sì gbà wá síṣẹ́ ní Sùúrùlérè, àwọn tó ń gbé díìṣì sátẹ́láìtì sára ilé àwọn olówó. Sùnmọ́nù ló máa ń gun òkè, torí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ. Èmi ló máa ń dúró nídìí tẹlifíṣọ̀n, tí màá máa ké sí i láti ojú fèrèsé bí àwòrán bá ti ń wá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, àwọn tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti ojú ọ̀run kéde pé àwọn fẹ́ pa ọ̀nà àtijọ́ tì. Wọ́n ní tó bá ti di ìparí oṣù Kẹsàn-án, gbogbo risífà tí àwọn èèyàn ti rà láti fi gba àwòrán sínú tẹlifíṣọ̀n kò ní gbé nǹkan kan jáde mọ́, wọn ó kàn di àpótí lásán. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń pè ní dikódà ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà. A ó pààrọ̀ orí díìṣì, a ó sì yí díìṣì fúnra rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn níhà ìlà-oòrùn. Ilé tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ wa nìkan lé ní ẹgbẹ̀rún kan, láti Yábà dé Ìkẹjà, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún wa.

Iṣẹ́ náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti àtijọ́, bí díìṣì bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán á ṣì wá, àfi kó máa ṣe bí ẹni pé yanrìn ń rọ̀ lójú ẹ̀. Ti tuntun yìí kò mọ ìyẹn. Tí kò bá tíì bọ́ sójú ibi tó yẹ gan-an, òkùnkùn ni wàá máa wò. Tó bá bọ́ síbẹ̀, àwòrán á kàn yọ lójijì, á mọ́ rekete. Ìwọ̀n èékánná ló máa ń wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó wà lókè á tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, á ti díìṣì díẹ̀, á dúró de ohùn ẹni tó wà nínú ilé, á tún tì í. Ibi tí ilé kan ti ń gba ogún ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀, ó lè gba wákàtí kan.

Ẹni mẹ́ta la máa ń jẹ́ nínú ikọ̀ wa. Joshua ni ẹnìkẹta, òun ló máa ń di àkàbà mú nísàlẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì, rí i pé iṣẹ́ kò yá tó, ó wá tú gbogbo ikọ̀ ká, ó pín wa ní méjì-méjì. Bí wọ́n ṣe mú Joshua kúrò lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Sùnmọ́nù lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló máa wá di àkàbà mú?"

Ọ̀gá ní, "Ẹ fi okùn so ó mọ́ nǹkan. Ṣé ọmọdé ni yín ni?"

Ó lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ orúkọ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ àti iye ilé tí wọ́n ti parí. Àràárọ̀ la máa ń dúró níwájú ẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń wo èsì ìdánwò.

Ohun tí Sùnmọ́nù kò mọ̀ ni pé ọ̀gá ti pe èmi nìkan wọlé. Ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan ní Yábà, pé tí ikọ̀ wa bá wà níwájú títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, èmi lòun máa fi ṣe olórí níbẹ̀. N kò sọ fún Sùnmọ́nù. Mo ní tó bá ti bọ́ sí i, màá sọ. Àtọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Kò sí ìgbà tó jókòó jẹun ọ̀sán tí n kò wo aago. Ẹ sì mọ̀ ọ́n, kì í kánjú. Àwọn risífà tí a ń kó kúrò nílé àwọn èèyàn, tí wọ́n ń dà jọ sẹ́yìn ọ́fíìsì kí òjò máa pa wọ́n, yóò gbé ọ̀kan, yóò yí i wò, yóò ní, "Gbádé, ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rèé o. Kí ló ṣe é?" Màá ní kó jù ú síbẹ̀ jàre, ká máa lọ.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án. Ilé kẹrin wa lọ́jọ́ náà ni ilé Màdáámù Evelyn, nítòsí Òpópónà Adélabú. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, ará Wárí ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ l'Ékòó débi pé Yorùbá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa. Òun nìkan ló ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Aago méjì la débẹ̀, kò sí iná. Láìsí iná, kò sí bí a ṣe fẹ́ wá àwòrán. A jókòó. Màdáámù fún wa ní tíì àti bisikíìtì. Sùnmọ́nù ń sọ fún un nípa Mujeebah ọmọ rẹ̀, pé ọmọ náà gba ipò kìíní, pé ó ní òun máa di nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó mú un wá lọ́jọ́ kan kóun bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá, ojú ọ̀run ti ṣú. Sùnmọ́nù ní, "Gbádé, jẹ́ ká padà wá lọ́la."

Màdáámù náà ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Tẹlifíṣọ̀n ò ní sá lọ. Mo lè dúró di ọ̀la."

Èmi ni mo kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti rí i lára ògiri pé ikọ̀ Joshua ti bá wa dọ́gba. Mo ní ká fún iná ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná dé.

Ara ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé ni irin tó gbé díìṣì dúró wà, lókè pátápátá, lábẹ́ etí òrùlé. Simẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Sùnmọ́nù gbé àkàbà ti ògiri, ó mì í wò, ó ní, "Bá mi mú okùn wá nínú ọkọ̀."

Ọkọ̀ wà níta géètì. Risífà àtijọ́ la kó kún ẹ̀yìn ẹ̀, abẹ́ wọn sì ni okùn wà. Mo ní, "Ká tó tú gbogbo ẹrù yẹn, òjò á ti dé. Gùn ún jàre. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ó wò mí. Àǹtí, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó wá ki sípánà bọ àpò, ó gun àkàbà. Èmi sáré gba inú ilé lọ sókè.

Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo tan dikódà, mo ṣí fèrèsé pálọ̀. N kò lè rí i níbi tí mo wà, ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. A bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ pé, "Kò tíì wá. Kò tíì wá." Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ẹyọ ńláńlá, mo gbọ́ ọ lórí páànù. Sùnmọ́nù ké láti ìta, "Gbádé, òjò ti dé o. Àkàbà ń yọ̀. Jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní, "Dúró! Ó ti fẹ́ wá. Tì í sí apá Ọ̀yìngbò díẹ̀ sí i."

Ó tì í. Àwòrán yọ lójijì, ó kún gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́. Mo pariwo, "Ó ti wá! Sùnmọ́nù, ó ti wá! Fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ le!" Mo gbọ́ ohun kan tó ró gbàgà lórí simẹ́ńtì. Mo rò pé sípánà ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Màdáámù Evelyn fi igbe ta ní kíṣìnnì.

Nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀, obìnrin náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ sínú òjò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí rẹ̀ mú kó má bàa yí. Ó ń mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. A wá pákó kan, a rọra gbé e lé e, a gbé e sínú ọkọ̀ Màdáámù, òun jókòó tì í lẹ́yìn, èmi ń wa ọkọ̀. Mo gbọ́ ohùn Sùnmọ́nù lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ṣé ó jáde?"

Mo ní, "Ó jáde. Ó mọ́ dáadáa."

Mo ń tẹ fèrè, mo ń sáré, mo ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n yà fún mi. Nígbà tó yá, Màdáámù Evelyn gbé ọwọ́ lé mi léjìká láti ẹ̀yìn, ó ní kí n má sáré mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìyókù, torí ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi ìsìnkú, ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ìwé ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lédè òyìnbó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi Gbádé sọ fún Sùnmọ́nù kó dá iṣẹ́ dúró nítorí òjò, ó kọ̀. Pé mo mú okùn wá fún un, ó ní òun kò so ó. Ọ̀gá ní, "Ẹni tó lọ ti lọ. Tí a bá ní ikọ̀ wa ló jẹ̀bi, wọn á ti ilé-iṣẹ́ yìí pa, gbogbo yín á padà sílé. Ìwọ pàápàá, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bi ọ́ pé ta ló lé e gun òkè?" Ó na bírò sí mi. Àǹtí, mo bu ọwọ́ lù ú. Mo jáde níbẹ̀, mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo lọ bá wọn gbé òkú àbúrò yín.

Nígbà tí ẹ dé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, èmi ni mo wá pàdé yín ní Jíbówú, tí mo gba báàgì lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí pé ibẹ̀ gan-an, láàárín àwọn èrò ọkọ̀, lẹ ti di mí mú, tí ẹ ní, "Gbádé, sọ ọ́ fún mi. Kí ló ṣe é?" Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn fún yín, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ẹ sunkún. Ẹ ní, "Bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Tó bá ti fi orí sí nǹkan, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró." Ẹ wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ ní Ọlọ́run á san án fún mi, torí mo gbìyànjú. N kò mọ bí mo ṣe rìn kúrò níbẹ̀ dé Pápá Àjàó.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka Yábà. Wọ́n fún mi ní tábìlì àti kọ́kọ́rọ́. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń yin dikódà tuntun, wọ́n ní àwòrán náà dà bíi kí èèyàn na ọwọ́ sí i. Màá ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù tó kọjá ni mo lọ kí Saidat ìyàwó Sùnmọ́nù àtàwọn ọmọ wọn. Saidat jókòó nídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Roqeeb, ọmọ wọn kékeré, gun ògiri ẹ̀yìnkùlé láti mú bọ́ọ̀lù tó fò lọ sódì kejì. Nígbà tí Saidat rí i, ó fò dìde, ó fà á bọ́ sílẹ̀, ó nà án, ó nà án bí n kò ṣe rí i kó na ọmọ rí. Ó ń pariwo, "O fẹ́ kú bíi bàbá ẹ! Olóríkunkun! Ìwọ náà ò ní í gbọ́!" Mo gba ọmọ sílẹ̀. Mujeebah wà nítòsí, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá wa ló fọwọ́ ara ẹ̀ pa ara ẹ̀. Bọ̀dá Gbádé sọ fún un, kò gbọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, Àǹtí. Bó ṣe máa ń ka ìwé iléèwé fún mi ló ṣe sọ ọ́. Irọ́ mi ló ń kọ́ àbúrò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, n kò lọ síbi iṣẹ́. Ilé Màdáámù Evelyn ni mo lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n wọlé. Dikódà tuntun wà lórí tábìlì, ó ti fi aṣọ bò ó. Ó ní látọjọ́ yẹn òun kò tíì tàn án. Mo ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà?"

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Mo wà lójú fèrèsé kíṣìnnì. Mo gbọ́ tó ní kí o mú okùn wá. Mo gbọ́ tó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo sì gbọ́ ohun tí o dá a lóhùn. Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń retí kí ẹnì kan wá bi mí. Ilé-iṣẹ́ yín ò wá. Ìwọ náà ò wá."

Mo sọ fún un pé mo ti bu ọwọ́ lu irọ́. Kò bú mi. Ó mú ìwé àti bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́ kí n lè máa gbọ́. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ okùn, ó dúró, ó ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ bó ṣe rí?" Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá, mo ní mo fẹ́ gba èyí tí mo fọwọ́ sí padà. Ó rẹ́rìn-ín ní àkọ́kọ́. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbádé, ṣé wọ́n fi ìbọn sí ọ lórí nígbà tí o fọwọ́ sí i?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"O ti jókòó sórí àga tí a tìtorí ẹ̀ fún ọ. Ó ti lé ní oṣù kan tí o ti ń jókòó síbẹ̀. Lónìí ni o wá rántí ọ̀rẹ́ ẹ?"

Òótọ́ ló sọ. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ Yábà, mo gbé e sórí tábìlì. Ó ní kí n má dé sàkáání ibẹ̀ mọ́. Màdáámù Evelyn mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tó mọ̀ ní Yábà, Lọ́yà Olúwajùwọ́n, ó gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì, ó sì ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Títí di òní, wọn kò fèsì. Lọ́yà ní wọ́n lè má fèsì fún ọdún kan, pé èmi náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ náà lè yí padà lé mi lórí. Mo ní mo mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo sọ fún Saidat. Ó ń lọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí ló dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti oyè Yábà, ti okùn, ti òjò, ti ìwé. Kò dá mi dúró. Ó ń lọ aṣọ náà nìṣó, ibì kan náà ló ń lọ̀, títí mo fi ń gbóòórùn pé ó ń jó. Nígbà tí mo parí, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ní, "Kí ló sọ gbẹ̀yìn?"

Mo sọ ọ́ fún un, pé ó béèrè bóyá àwòrán jáde.

Ó ní, "Kò pe orúkọ ẹnì kankan?"

Mo ní, "Kò pè é."

Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó ní, "Mo ti ń bá a jà látọjọ́ náà. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá a jà nínú ọkàn mi, pé kí ló dé tí kò gbọ́, kí ló dé tó fi mí sílẹ̀ nítorí agídí. N kò tíì sunkún rẹ̀ dáadáa, inú ló ń bí mi sí i." Ìgbà yẹn ni ẹkún wá gbé e. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, "Bọ̀dá Gbádé, ẹ má wá kí mi mọ́. Ẹ má gbé ìrẹsì wá, ẹ má gbé nǹkan kan wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa wá. Mujeebah ló ń sọ ọ́ kiri, ẹ̀yin lẹ fi sí i lẹ́nu. Ẹ wá fúnra yín, kí ẹ mú un kúrò. N kò ní bá yín sọ ọ́." Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti ilé kéú dé.

Àǹtí mi, n kò kọ ìwé yìí láti bẹ̀bẹ̀. Tí mo bá bẹ̀ yín, ẹ ó fẹ́ dá mi lóhùn, inúure yín ni mo sì jẹ yó láti kékeré. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe, kì í ṣe fún mi. Gbogbo ẹni tí ẹ bá ti sọ fún ní Kàdúná pé agídí Sùnmọ́nù ló pa á, Alàájì, àwọn ará ọjà yín, ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ orúkọ mi fún wọn. Àdúrà tí ẹ sì gbà fún mi ní Jíbówú, tí ó bá ṣeé gbà padà, ẹ gbà á padà, kí ẹ fi ṣe ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Alàájì, ẹ kí àwọn ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí n wá sí Kàdúná, màá wá. Tí ẹ bá ní ẹ kò fẹ́ rí mi, màá gbà.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún Mujeebah. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé nígbà mẹ́ta, mo sì ti ya gbogbo rẹ̀. Tí mo bá débẹ̀, yóò sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá Gbádé." Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá sọ fún un.

Èmi ni ọmọ tí ẹ gbà sílé,
Gbádé.